Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Rọ́bà Tí Ó Ń Jò Lára Ọkọ̀ Citroën DS

Olùtumọ̀ tí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè láti wá orúkọ fún rọ́bà roboto tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ jò yóò bá "èdìdì" pàdé níbẹ̀. Èdìdì ni wọ́n fi ń di ìwé ọba, òun náà ni ó wà nínú Ìwé Ìfihàn. Mẹkáníìkì tí ó bá gbọ́ ọ kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń bá òun sọ, nítorí pé "síìlì" ni òun ń pè é. Àṣìṣe èyí kò ju ẹ̀rín lọ. Ti ọ̀rọ̀ náà "epo" ni ó lè pa ènìyàn.

Citroën DS, tí wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ ní ìlú Paris ní oṣù kẹwàá ọdún 1955, fi èyí hàn kedere. Paul Magès ni ó ṣe iṣẹ́ ọpọlọ tí ó gbé ọkọ̀ náà dúró. Dípò sípíríǹgì onírin, bọ́ọ̀lù irin kan tí gáàsì náítrójìn wà nínú rẹ̀ ni ó wà fún táyà kọ̀ọ̀kan. Aṣàn kan, tí pọ́ǹpù ń tì, ni ó ń gbé ìwúwo ọkọ̀ lé gáàsì náà lórí, ìfúnpá rẹ̀ sì ju ìlọ́po 100 ti afẹ́fẹ́ lọ. Aṣàn kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ bíréékì.

"Aṣàn" ni ó yẹ kí wọ́n pè é, kì í ṣe "omi", bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe "epo". Aṣàn pupa ni ọkọ̀ náà ń lò títí di ọdún 1966. Ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, èyí sì máa ń mú kí irin dípẹtà. Lẹ́yìn náà ni aláwọ̀ ewé dé, èyí tí ó ti inú epo rọ̀bì wá. Rọ́bà tí ó bá ọ̀kan mu kò bá èkejì mu. Ẹni tí ó bá rọ aṣàn bíréékì lásán sínú ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ti ba gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́, àti ti ìdúró àti ti bíréékì. Ìwé tí ó bá kọ "fi epo kún un" kò sọ nǹkan kan tí ó lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ní ti jíjò, ọ̀pọ̀ ohun tí ó ń kán sílẹ̀ kì í ṣe ti ìfúnpá ńlá. Pístọ́nù bá sìlíńdà mu tímọ́tímọ́, síbẹ̀ díẹ̀ nínú aṣàn a máa yọ́ kọjá. Àpò rọ́bà kan ni ó ń gbà á, tí túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ fi ń dá a padà sínú agolo rẹ̀. Bí àpò yìí bá ya, àwọn kan a máa fi rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ wé e. Ó lè mú wọn délé, ṣùgbọ́n aṣàn aláwọ̀ ewé yóò mú kí rọ́bà bẹ́ẹ̀ wú, yóò sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Rọ́bà nítráìlì ni ó yẹ. Awọ tí wọ́n rẹ sínú epo, irú èyí tí ó wà lẹ́nu pọ́ǹpù sítóòfù, dára fún afẹ́fẹ́. Kò yẹ fún ibi tí ìfúnpá bá ti pọ̀. Níbẹ̀, kò sí ọgbọ́n àdábọwọ́ tí ó tọ́. Aṣàn tí ó bá tú jáde láti ibẹ̀ lè gún awọ ara wọlé.

Àwọn kan dábàá "adíhò" fún síìlì. Kò bá a mu tó: síìlì kò dí ihò, nítorí pístọ́nù gbọ́dọ̀ máa lọ máa bọ̀ láàrin rẹ̀. "Adíjò" sàn jù, èyí tí ó ń dí ìjò. Kí "síìlì" sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, títí mẹkáníìkì yóò fi gbà á. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí ìtọ́ni kọ̀ọ̀kan sọ ohun mẹ́rin ní ṣókí: àwọ̀ aṣàn, irú rọ́bà, àti pé kí wọ́n tú ìfúnpá sílẹ̀ kí ọwọ́ tó kan nọ́ọ̀tì; àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí wọn kò gbé lé orí irin, nítorí pé bí aṣàn bá ti jáde, ọkọ̀ yóò wálẹ̀.