Ta Ni Yóò Wẹ Màmá Lónìí?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́, bí ìyá bá darúgbó tí kò lè dìde mọ́, ta ni í wẹ̀ ẹ́? Ọmọ rẹ̀ ni, tàbí ìyàwó ọmọ. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ ni ó ń gbé ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Níbẹ̀, kì í ṣe dókítà ni ó ń wẹ̀ wọ́n. Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni. Òun ni ó ń wọ̀ wọ́n láṣọ, tí ó ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Àwọn ọmọ Áfíríkà pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ náà? Ní ilé mìíràn, wọ́n ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́: ẹni tí ó wà ní apá ọ̀tún lọ́sẹ̀ yìí, apá òsì ni yóò wà lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Àwọn ọ̀gá ní kí iṣẹ́ tí ó wúwo má baà já lé ẹnì kan ṣoṣo lórí. Ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò màmá náà. Àjèjì ni yóò bọ́ aṣọ lára yín. Ẹ ó tún sọ fún un pé orúnkún òsì ni ó ń dùn yín. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti rá kò tilẹ̀ lè sọ ọ́. Yóò pariwo, yóò na ọwọ́ láti lu ẹni náà. Wọn a ní alágídí ni. Ẹ̀rù ni ó ń bà á.

Ní ilé mìíràn, ẹnì kan náà ni ó ń tọ́jú àwọn kan náà lójoojúmọ́. Ó mọ ẹni tí í jẹun tán. Bí onítọ̀hún bá ṣẹ́ oúnjẹ kù láàárọ̀, ó ń pe nọ́ọ̀sì kí àìsàn tó gbilẹ̀. Ó mọ ara wọn pẹ̀lú. Ẹni tí kò lè yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìdí rẹ̀ tàbí gìgísẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ yí àwọ̀ padà. Bí a kò bá tètè yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ara á bó, egbò á sì lè jìn títí dé egungun. (Èyí kan àwa náà nílé: ẹ máa wo ìdí àti gìgísẹ̀ arúgbó yín.)

Ṣùgbọ́n bí arúgbó bá pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹnì kan, mímọ̀ wọn kò tó. Ṣíbí kejì á dé ẹnu kí oúnjẹ ti èkíní tó gba ọ̀fun kọjá. Ní 1987, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé olùrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ fún wákàtí 75 ó kéré tán, àti pé a kò gbọdọ̀ de arúgbó mọ́ àga nítorí kí iṣẹ́ lè rọrùn. Òfin náà kò sọ iye arúgbó tí ẹnì kan lè tọ́jú. Owó iṣẹ́ náà sì kéré. Ọ̀pọ̀ ń fi í sílẹ̀ kí ọdún tó yí po. Ẹni tuntun á dé, màmá á sì tún bẹ̀rẹ̀: orúnkún òsì ni.