Sọ́fítíwíà olómìnira

Sọ́fítíwíà olómìnira ni ètò kọ̀ǹpútà tí ẹni tó ń lò ó ní ẹ̀tọ́ láti lò ó bó ṣe wù ú, láti yẹ inú rẹ̀ wò, láti tún un ṣe, àti láti pín ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Òdìkejì rẹ̀ ni sọ́fítíwíà àtìpa, èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ pamọ́, tí ó sì ka títún un ṣe àti pínpín rẹ̀ léèwọ̀ fún àwọn oníbàárà. Ìbéèrè kan ló ya méjèèjì sọ́tọ̀: ta ni ẹ̀rọ ń gbọ́ tirẹ̀, ẹni tó fi owó rà á ni, tàbí ẹni tó ṣe é?

Orúkọ

"Free software" ni wọ́n ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà "free" ní ìtumọ̀ méjì nínú èdè yẹn: ohun tí a kò sanwó fún, àti ohun tí kò sí nínú ìdè. Èyí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn, ìyẹn ọ̀fẹ́ àti òmìnira. Nítorí náà, "sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́" kò gbé ìtumọ̀ náà yọ. Ọ̀pọ̀ áàpù orí fóònù ló jẹ́ ọ̀fẹ́ tí kò sì fún ẹni tó ń lò ó ní òmìnira kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn sì lè ta sọ́fítíwíà olómìnira láìrú òfin rẹ̀.

Kóòdù orísun

Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń kọ ọ́ ní èdè tí ènìyàn lè kà, irú bíi èdè C. Àkọsílẹ̀ yìí ni kóòdù orísun. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò yí i padà sí òǹkà tí ẹ̀rọ nìkan lè tètè lóye. Ẹni tí a kò fún ní kóòdù orísun dà bí ẹni tí a gbé ọbẹ̀ sísè kalẹ̀ fún: ó lè mọ̀ pé iyọ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò lè yọ ọ́ kúrò.

Òmìnira mẹ́rin

Free Software Foundation, àjọ tó ń ṣe agbátẹrù èrò yìí, ka òmìnira mẹ́rin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ òǹkà wọn láti 0:

- Òmìnira 0: láti lo ètò náà fún ohunkóhun tó bá wu ènìyàn.
- Òmìnira 1: láti kọ́ bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ àti láti yí i padà. Èyí kò ṣeé ṣe láìrí kóòdù orísun.
- Òmìnira 2: láti pín ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn.
- Òmìnira 3: láti pín ẹ̀dà tí a ti tún ṣe, kí gbogbo àwùjọ lè jàǹfààní rẹ̀.

Kì í ṣe àwọn tó mọ ètò kọ nìkan ni òmìnira wọ̀nyí wà fún. Ẹni tí kò mọ ọkọ̀ tún ṣe lè gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó bá wù ú. Bákan náà ni ẹni tí kò mọ ètò kọ lè gbé iṣẹ́ àtúnṣe fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìtàn

Ní nǹkan bí ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Xerox fún yàrá ìwádìí kan ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìwé a máa há sínú rẹ̀. Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti tún ètò ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ṣe kí ó lè máa kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn tí ìwé bá há. Ti ẹ̀rọ tuntun náà kò ṣeé ṣe, nítorí pé kò ní kóòdù orísun rẹ̀. Nígbà tó béèrè fún un lọ́wọ́ olùwádìí kan ní yunifásítì mìíràn, ẹni yẹn kọ̀, nítorí ó ti ṣèlérí pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni.

Ní 27 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, Stallman kéde iṣẹ́ GNU, láti kọ odidi ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí yóò jẹ́ olómìnira. Ó dá Free Software Foundation sílẹ̀ ní 1985. Ìwé-àṣẹ GNU GPL jáde ní 1989; ó pa á láṣẹ pé ẹni tó bá pín ètò náà tàbí àtúnṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ pín in pẹ̀lú òmìnira kan náà. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, gbé Linux jáde, èyí tó jẹ́ kókó inú ètò ìdarí. Ó fi í sábẹ́ GPL ní 1992. Lórí Linux ni wọ́n kọ́ Android lé.

Àṣẹ lórí ẹ̀rọ

Ní Oṣù Keje ọdún 2009, àwọn kan tó ti ra ìwé 1984 àti Animal Farm, tí George Orwell kọ, sórí ẹ̀rọ ìkàwé Kindle ṣàdédé rí i pé àwọn ìwé náà ti pòórá. Amazon ló ti ọ̀nà jíjìn pa wọ́n rẹ́, nítorí pé ẹni tó gbé ẹ̀dà náà tà kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Ilé-iṣẹ́ náà dá owó padà, ọ̀gá rẹ̀, Jeff Bezos, sì tọrọ àforíjì. Síbẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ náà fi hàn pé ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ẹnìkan lè máa gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Rírí kóòdù orísun nìkan kò tó. TiVo, ẹ̀rọ tó ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, lo Linux, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì fi kóòdù náà síta. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í gba ètò tí ẹlòmíràn bá ti yí padà. Nítorí irú ọgbọ́n yìí ni ẹ̀dà kẹta GPL, tó jáde ní 29 Oṣù Kẹfà ọdún 2007, ṣe fi òfin dè é lórí àwọn ẹ̀rọ ìlò ilé. Linux kò kúrò lórí ẹ̀dà kejì.

Lórí fóònù, ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní bootloader ló ń pinnu ètò ìdarí tí fóònù yóò gbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan gbà kí oníbàárà ṣí i. Àwọn mìíràn tì í pa. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá dẹ́kun fífi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́, fóònù tí ara rẹ̀ ṣì le lè di ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn. LineageOS, tó rọ́pò CyanogenMod ní Oṣù Kejìlá ọdún 2016, ń pèsè àtúnṣe fún ọ̀pọ̀ irú fóònù bẹ́ẹ̀, bí bootloader wọn bá ṣeé ṣí. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń lo fóònù tòkunbọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Àmọ́, ṣíṣí bootloader sábà máa ń pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù rẹ́, àwọn áàpù báǹkì kan sì lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àṣírí ẹni

Bí áàpù bá sọ pé òun kì í tú àṣírí, ẹ̀rí ẹnu rẹ̀ nìkan la ní bí a kò bá lè yẹ inú rẹ̀ wò. Kóòdù áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ Signal wà ní gbangba, àwọn onímọ̀ sì lè ṣàyẹ̀wò bó ṣe ń dáàbò bo ọ̀rọ̀. F-Droid, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, jẹ́ àkójọ áàpù olómìnira fún Android. Ó máa ń kìlọ̀ nípa èyí tó bá ń ṣọ́ ẹni tó ń lò ó.

Síbẹ̀, pé kóòdù wà ní gbangba kò túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti kà á. Àṣìṣe Heartbleed wà nínú OpenSSL, ètò olómìnira tó ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì, fún nǹkan bí ọdún méjì kí àwọn onímọ̀ tó kéde rẹ̀ ní Oṣù Kẹrin ọdún 2014. Òmìnira fúnni láyè láti ṣàyẹ̀wò. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ṣe é.

Ní èdè Yorùbá

MediaWiki, ètò tí Wikipedia Yorùbá ń lò, jẹ́ sọ́fítíwíà olómìnira lábẹ́ GPL. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló ń túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ojú ìwé rẹ̀ sí èdè Yorùbá lórí translatewiki.net. Nínú sọ́fítíwíà àtìpa, ilé-iṣẹ́ tó ni ín ló ń pinnu èdè tí yóò wọ inú rẹ̀. Nínú èyí tó jẹ́ olómìnira, àwọn tó ń sọ èdè náà lè fi ọwọ́ ara wọn gbé e síbẹ̀.