Dídènà Ooru Lábẹ́ àti Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́: Àpẹẹrẹ Peugeot 504

Kókó iṣẹ́ yìí ni pé ohun èlò kan ṣoṣo kò lè dá ooru dúró nínú ọkọ̀ àtijọ́. Peugeot 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1968. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Abẹ́ ọkọ̀ ni ọ̀pá èéfín gbà dé ẹ̀yìn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà wọlé. Èkíní, ọ̀pá èéfín ń ta ooru sára páànù ilẹ̀ ọkọ̀ bí oòrùn ṣe ń ta sára òrùlé. Páànù alumíníọ̀mù dídán tí wọ́n so sáàárín méjèèjì, tí àlàfo wà lókè rẹ̀, ló ń dá a padà. Èkejì, páànù tó ti gbóná ń gbé ooru fún ẹsẹ̀. Fóòmù tí kì í tètè gbiná lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló ń dín in kù. Ẹ̀kẹta, atẹ́gùn gbígbóná ń gba ihò wáyà wọlé. Rọ́bà ni wọ́n fi ń dí i.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ọ̀pá èéfín wò. Bí ó bá ti lu, carbon monoxide, tí kò láwọ̀, tí kò sì lóòórùn, lè wọlé pa èrò ọkọ̀. Bákan náà, omi tó bá há sábẹ́ fóòmù yóò mú kí páànù dípẹtà. Nítorí náà, kíkùn ún lọ́dà ló yẹ kó ṣáájú.

Ní àkótán, ọkọ̀ yìí wúlò fún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì láti ṣàlàyé bí ooru ṣe ń rìn.