A padà lọ jẹun ọ̀sán ní Ajah

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa, àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ yóò rántí búkà kan báyìí nítòsí ọjà Ajah. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí afárá Ajah lọ́dún 2017, nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́ máa ń mú èèyàn sùn sínú mọ́tò, ibẹ̀ la máa ń yà sí bí a bá ti ìpàdé bọ̀. Ẹja epìyà tútù láti inú ọ̀sà, ẹ̀bà tó ń rú èéfín, ẹ̀fọ́ rírò tí irú inú rẹ̀ ti ń pe èèyàn láti ojú títì. Màmá tó ni ibẹ̀ kì í bu ọbẹ̀ bí ẹni tó ń ka owó.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ìpàdé ọdọọdún wá délẹ̀, tí àwọn kan ní Màmá ni kí a gbé e fún, ìgbìmọ̀ rán àwa mẹ́ta lọ tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ẹ gbọ́ ná. Ẹ̀bà ti tutù. Ọbẹ̀ ń ṣàn bí omi ìfọwọ́. Irú ńkọ́? A ò gbóòórùn rẹ̀. Ẹja òkú Èkó ni wọ́n gé sí i, ègé kan tí kò ju àtàǹpàkò méjì lọ. Aago kan àbọ̀ ọ̀sán nìyẹn o, tábìlì mẹ́rin ló ṣófo, níbi tí a ti máa ń dúró kí ẹnìkan dìde ká tó rí ìjókòó.

A mọ̀ pé nǹkan le. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 l'Ékòó láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sóhun tó dúró níbi tí a fi í sí: gáàsì, gàrí, owó mọ́tò tó ń gbé ẹja bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Bí Màmá bá fowó lé e, a ó san án. Bí wọ́n bá ní àwọn ò lè ra epìyà mọ́, a ó gbà. Ṣùgbọ́n epìyà la bèèrè, owó epìyà ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ wa.

Èyí tó dùn wá jù, tiwa ni. Bí a ti ń dìde, Màmá jáde láti ẹ̀yìn. Wọ́n ti rù díẹ̀. Wọ́n kí wa tayọ̀tayọ̀, wọ́n tilẹ̀ rántí orúkọ alága wa tó ti di olóògbé. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ó dùn?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ó dùn, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́ o."

A ò tíì fèsì fún ìgbìmọ̀. Akọ̀wé ní ká padà lọ sọ òótọ́ fún Màmá ná, ká tó wá ẹlòmíràn. Akápò ní ká má wulẹ̀ dá wọn lágara. Bí ẹ bá ti jẹun níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa ní ìpàdé tó ń bọ̀.