Oríkì Ìyá Àgbà Kò Gbọdọ̀ Bá A Wọlẹ̀

Iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Báyìí ni àwọn àgbà Yorùbá ṣe ń tu ẹbí nínú bí ìyá arúgbó bá papòdà. Òkú ọ̀dọ́ ni ọ̀fọ̀. Òkú àgbà, ìnáwó àti ìlù ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìnáwó kò lè rà. Bí onílù bá dé iwájú àwọn ọmọ-ọmọ olóògbé, tí ó béèrè pé, "Kí ni oríkì màmá?", ọ̀pọ̀ wọn ni yóò máa wo ojú ara wọn. Ọ̀wọ̀ ni ó fà á. Láti ìgbà tí màmá ti bí àkọ́bí ni gbogbo ilé ti ń pè é ní Ìyá Lágbájá; nígbà tí ó darúgbó, ó di Ìyá Àgbà. Ìyàwó ilé kì í pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ọmọ kì í sì í pe ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àjọkẹ́ tàbí Àbẹ̀kẹ́ tí àwọn òbí rẹ̀ fi ń kẹ́ ẹ ní kékeré wá di ohun ìgbàgbé.

Àdánù ńlá ni èyí. Bí obìnrin bá lọ sí ilé ọkọ, oríkì orílẹ̀ rẹ̀ a bá a lọ. Òun ni í fi ń ki ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, kí ọmọ náà lè mọ̀ pé òun ní ìran ìyá bí òun ti ní ìran baba. Karin Barber, tí ó gbé ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1991 pé àwọn obìnrin gan-an ni òpómúléró oríkì ní ìlú náà. Bí ìyá bá lọ láìfi lé ọmọ lọ́wọ́, ìdajì ìtàn ọmọ náà ti wọlẹ̀.

Lóòótọ́, ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà a máa jẹ́ Yétúndé, Ìyábọ̀ tàbí Yéwándé. Orúkọ náà ń kéde pé ìyá ti padà wá. Ṣùgbọ́n oríkì wo ni wọn yóò fi kí i káàbọ̀, bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n?

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ sílé fún ìsinmi jókòó ti ìyá àgbà, kí ó béèrè orúkọ àti oríkì rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí olùkọ́ fi í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí àwọn ìyá àgbà pẹ̀lú má ṣe dúró dìgbà tí wọn yóò bi wọ́n léèrè, kí Yétúndé lè bá ẹni tí yóò kí i nílé.