Torí ó yá àwọn híípì nílẹ̀, aládùúgbò ní kẹ́nikẹ́ni má ra wàrà Yasgur mọ́

Ká ní Max Yasgur gbọ́ tàwọn aládùúgbò ẹ̀ ni, bóyá Woodstock, àríyá orin ìta gbangba tí gbogbo ayé ń ròyìn, ì bá má wáyé rárá. Àgbẹ̀ tó ń sin màlúù ni bàbá yìí ní Bethel, nípìnlẹ̀ New York, l'Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 49 ni lọ́dún 1969.

Ayé ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ onírun gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní híípì. Wọ́n ní àwọn ò ní í gbé ayé bíi tàwọn bàbá àwọn, pàápàá torí pé ìjọba ń fipá kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sógun Vietnam. Yasgur ò sí lẹ́yìn wọn o, òun fara mọ́ ogun ọ̀hún.

Wallkill làwọn tó gbé àríyá náà kalẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ lò. Àfi bí wọ́n ṣe lé wọn níbẹ̀ lóṣù keje, tó ku bí oṣù kan péré! Ni wọ́n bá sáré tọ Yasgur lọ, wọ́n sanwó, ó fún wọn nílẹ̀.

Wàhálà dé! Àwọn aládùúgbò gbé pátákó síta pé kẹ́nikẹ́ni má ra wàrà ẹ̀ mọ́. Bàbá fàáké kọ́rí.

Ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ, lorin bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 18 ni Jimi Hendrix kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Èrò tó tó 400,000 ló ya débẹ̀, ọgbà tí wọ́n fẹ́ fi yí ibẹ̀ ká ò sì tíì parí, ló bá di ọ̀fẹ́. Òjò rọ̀, ilẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀, oúnjẹ tán. Nígbà tí Yasgur gbọ́ pé àwọn kan ń ta omi fọ́mọ ọlọ́mọ, ó fi ìkúùkù lu tábìlì, ó ní báwo lèèyàn ṣe ń gbowó omi! Ló bá ní kí wọ́n wá máa bu tòun lọ́fẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe pé aburú ò ṣẹlẹ̀. Òògùn olóró gbẹ̀mí ẹnì kan, tírákítọ̀ sì tẹ ọmọkùnrin kan pa níbi tó sùn sí. Ṣùgbọ́n rògbòdìyàn táwọn àgbà ń bẹ̀rù ò wáyé. Lọ́jọ́ Sánńdè, Yasgur gorí ìtàgé, ó yìn wọ́n lójú gbogbo èrò.

Lọ́dún 1970, àwọn aládùúgbò gbé e lọ sí kóòtù torí dúkìá wọn tó bàjẹ́. Wọ́n tún fẹ́ yá ilẹ̀ náà lọ́dún yẹn, ó ní rárá, ìdí màlúù lòun ń padà sí. Ó kú lóṣù kejì, ọdún 1973.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bàbá yìí ò gba tiwọn, àmọ́ kò fi omi dù wọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀.