Bí Etíkun Èkó Ṣe Di Ibi Fàájì Òpin Ọ̀sẹ̀

Bí ọjọ́ Ẹtì bá ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ ní Èkó Akéte ilé ọgbọ́n, tí àwọn akọ̀wé báńkì ti ń tú táì kúrò lọ́rùn, tí ọkọ̀ sì ti dí fọ́fọ́ láti Ọbaléńdé títí dé orí afárá, ẹ má ṣe rò pé ilé nìkan ni gbogbo wọn ń kánjú lọ. Àwọn kan wà láàárín wọn, àgàgà àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì gbóná, tí wọ́n ti di ẹrù wọn sílẹ̀ láti àná: aṣọ ìwẹ̀, ẹní, ìgò omi, àti kúlà tí yìnyín kún inú rẹ̀, bí ilẹ̀ Sátidé bá sì ti mọ́, etí òkun ni ẹ óò ti bá wọn, ní Ẹlẹ́gúṣì, ní Tarkwa Bay, tàbí ní Ilashe. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ojúlùmọ̀ wọn ni yóò ti rí àwòrán ìgbì àti ẹja sísun lójú fóònù, tí wọn yóò sì ti gbọ́ bí ọ̀sẹ̀ ti rí: ẹjọ́ tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ rò, eyín tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, àti ọbẹ̀ tí ó jóná lọ́jọ́rú. Àwọn baba wa ní bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ ni à á fi bò ó jẹ. Ìran ìsinsìnyí ti ká ọwọ́ kúrò, gbangba ni wọ́n ń jẹ iṣu tiwọn, èmi kò sì rí ohun tí ó burú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè ìgbà tí àṣà yìí bẹ̀rẹ̀, wọn óò dáhùn pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni, nítorí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni òkun ti wà ní ẹsẹ̀ Èkó. Òkun pẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Fàájì etí rẹ̀ ni kò pẹ́. Ohun tí ó bí fàájì náà ní ọjọ́ orí tí a lè tọ́ka sí, ohun kan náà yìí ni ó sì ń lé àwọn olùgbafẹ́ kúrò lórí yanrìn kan bọ́ sí òmíràn láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún wá.

Àwọn Àwórì tí ó tẹ ìlú náà dó, ọ̀sà ni wọ́n kọjú sí, òkun ni wọ́n kọ ẹ̀yìn sí. Ẹ wo Ìga Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó: ìhà ọ̀sà ni ó wà, níbi tí omi ti parọ́rọ́, tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ti lè gúnlẹ̀ láìfòyà. Òkun gan-an, ààfin Olókun ni. Ènìyàn a máa lọ síbẹ̀ láti bọ, láti tọrọ ọmọ tàbí ọrọ̀, kí ó sì tètè padà, nítorí a kì í lọ gba atẹ́gùn ní àgbàlá ọba tí kò ránṣẹ́ pe ni. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru, ẹni tí ó bá sì ti dúró létí agbami Èkó ní oṣù òjò yóò mọ̀ pé àwọn àgbà kò fi òwe náà ṣe àwàdà. Ní ti àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ègùn tí ń na àwọ̀n sójú omi, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni òkun. A kò sì tíì rí àgbẹ̀ tí yóò ká ẹní lọ sí oko lọ́jọ́ ìsinmi kí ó lè jókòó máa wo ebè.

Ohun tí ó tún mú kí òkun ibẹ̀ burú ni òkìtì yanrìn kan tí ó fara pamọ́ sábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀nà tí ọ̀sà gbà wọ òkun, tí òyìnbó ń pè ní bar, láti ara rẹ̀ sì ni etíkun Bar Beach ti gba orúkọ. Òkìtì yìí kì í dúró sójú kan. Ó ń sún síhìn-ín, ó ń sún sọ́hùn-ún, ọkọ̀ tí ó bá sì forí sọ ọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìdí nìyí tí àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá kì í fi í wọ Èkó nígbà náà. Forcados ní ìhà Niger Delta ni wọ́n ń lọ, ibẹ̀ ni a sì ti ń kó èrò àti ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké tí yóò tún kó wọn padà wá. Ìnáwó náà pọ̀, ìyà náà kò kéré. Ní ọdún 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri òkúta gígùn wọ inú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà, ọ̀kan ní ìlà oòrùn, èkejì ní ìwọ̀ oòrùn, kí omi tí ń ti ọ̀sà jáde lè máa rọ́ gba ojú kan ṣoṣo, kí ó sì máa gbá yanrìn lọ. Ṣùgbọ́n níbo ni a ó ti rí òkúta ní Èkó, ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹrẹ̀ àti yanrìn lọ? Aro ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ àpáta, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin kó o wá, tí ó fi jẹ́ pé àpáta ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí ó ti fi ìgbà kan rí dáàbò bo àwọn ọmọ Líṣàbí lọ́jọ́ ogun, ni ó tún lọ dúró de ìgbì ní ẹnubodè Èkó. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé.

Kò sí ẹni tí ó torí fàájì gbé òkúta kan ṣoṣo síbẹ̀. Òwò ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ìwọ̀ oòrùn, ibì kan wà tí agbára ìgbì kò dé mọ́, tí omi rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi lè wẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Tarkwa Bay. Àwọn òyìnbó ìjọba àti ti ilé òwò tètè mọ adùn rẹ̀, wọn a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi pẹ̀lú agbọ̀n oúnjẹ, nítorí àṣà ilé wọn ni. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oògùn ni omi òkun kọ́kọ́ jẹ́: ní nǹkan bí ọdún 1750 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Richard Russell bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa wẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa mu ún, bẹ́ẹ̀ ni Brighton, ìlú àwọn apẹja, ṣe di ibi tí àwọn ọlọ́lá ń wọ́ lọ. Nígbà tí ojú irin dé Brighton láti London ní ọdún 1841, àwọn mẹ̀kúnnù tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí òfin ọdún 1871 sì ya àwọn ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìsinmi báńkì, oògùn ti di àríyá pátápátá. Àríyá yìí ni òyìnbó gbé wá sí Èkó.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á bí òyìnbó ti ń ṣe é. Àwọn akọ̀wé tí iṣẹ́ wọn ń parí ní ọ̀sán Sátidé, àwọn tíṣà, àwọn ìyá ọlọ́jà tí ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bar Beach ní Erékùṣù Victoria ni gbogbo wọn ń rọ́ lọ, pàápàá lọ́jọ́ kejì Àjíǹde àti lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ́ kí omi kọjá ọrùn ẹsẹ̀, wọn a kàn fi ìgò bu díẹ̀ lọ sílé fún àdúrà. Wọ́n lọ láti rìn, láti ríran, àti kí a lè rí wọn. Ẹ óò rí ẹgbẹ́ tí ó dá aṣọ kan náà, ẹ óò rí ẹṣin tí àwọn ọmọ Hausa ń fà kiri kí ènìyàn lè gùn ún ya fótò, ẹ óò gbóòórùn sùyà, ẹ óò rí alágbọn tí àdá rẹ̀ kò sinmi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn Aládùúrà aláṣọ funfun ń lu agogo, tí wọ́n fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ pààlà ilẹ̀ àdúrà sórí yanrìn; Wọlé Ṣóyínká wò wọ́n dáadáa, ó sì fi wòlíì etíkun kan ṣe eré tí a kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1960, èyí tí ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín títí di òní.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ lórí yanrìn náà tí àwọn àgbà Èkó kì í fẹ́ẹ́ sọ. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ibẹ̀ ni ìjọba ológun yàn láti máa yìnbọn pa àwọn adigunjalè lójú gbogbo ayé; ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 ni a pa Iṣọla Oyenusi, ọ̀kan nínú wọn, níbẹ̀ lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò. Bar Beach Show ni ará ìlú ń pè é, bí ẹni ń lọ wo eré. Ibi tí wọ́n ti ń ya fótò lórí ẹṣin kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń so ènìyàn mọ́ àgbá, àwọn olùgbafẹ́ kò sì torí èyí dẹ́kun lílọ.

Òkun fúnra rẹ̀ ni ó lé wọn. Ní etíkun wa, láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn ni ìgbì ń gbé yanrìn lọ tọ̀sán-tòru. Bí ó ti ń kó tibí lọ, òmíràn a máa bọ̀ wá dí àlàfo rẹ̀. Nígbà tí àwọn ògiri òkúta dábùú ọ̀nà, yanrìn tí ń bọ̀ láti ìhà Badagry kóra jọ sẹ́yìn ògiri ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ sì ń gbòòrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bar Beach tí ó wà ní ìhà kejì, ìgbì ń kó tirẹ̀ lọ, kò sì sí èyí tí ń bọ̀ wá rọ́pò. Bẹ́ẹ̀ ni etíkun ń fà sẹ́yìn lọ́dọọdún, títí tí ohun tí ó bá òkun lọ fi ju kìlómítà kan lọ. Ìjọba da yanrìn sí i ní àwọn ọdún 1970, ó tún da sí i ní àwọn ọdún 1980, òkun ń gbé e mì. Ìgbà kan dé tí omi iyọ̀ ń sọdá títì Ahmadu Bello lọ bá àwọn onílé nílé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, omi òkun rọ́ lu etíkun Kúrámò, ó gbé àgọ́ gbé ènìyàn, ìjọba sì kó àwọn tí ó kù kúrò. Nígbà náà, iṣẹ́ ti ń lọ lórí ìlú tuntun tí à ń pè ní Eko Atlantic, tí wọ́n ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun kún un, tí wọ́n sì mọ odi òkúta mìíràn sí iwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá Bar Beach lónìí, orí ọ̀dà àti abẹ́ ilé gogoro ni yóò ti wá a.

Ìhà ìlà oòrùn ni àwọn olùgbafẹ́ ṣí lọ, sí ilẹ̀ àwọn Onírù àti ti Ẹlẹ́gúṣì. Ọ̀fẹ́ ni Bar Beach; níbí, géètì wà, owó ìwọlé wà, àga ní iye tirẹ̀, àtíbàbà ní tirẹ̀, orin sì ń dún tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò gbọ́ ìgbì mọ́. Ní tèmi o, ẹni tí ó sanwó wá gbọ́ irú orin tí ó fi sílẹ̀ ní Surulere kò tíì dé òkun. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé Màrókò, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù tí ń gbé nítòsí ibẹ̀ kí fàájì olówó tó dé, tí ìjọba ológun fi katakata wó ilé wọn ní oṣù keje ọdún 1990. Ní ọdún 2024, katakata padà wá, ó sì kan àwọn olówó pẹ̀lú: ọ̀nà etíkun tí ìjọba àpapọ̀ ń là láti Èkó lọ sí Calabar gba àárín ibi ìgbafẹ́ kọjá, ọ̀pọ̀ àtíbàbà àti ilé oúnjẹ sì di àlàpà.

Ní ti ìròyìn fàájì tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ránṣẹ́ láti orí yanrìn, àwọn kan ń kùn pé kò sí irú rẹ̀ rí. Àwọn wọ̀nyí kò ka ìwé ìròyìn àtijọ́. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn olóòtú ìwé ìròyìn Yorùbá ní Èkó, irú E. A. Akíntàn ti Elétí-Ọfẹ àti Isaac Thomas ti Akéde Èkó, a máa kọ ìrìnàjò ara wọn síta ní ìpín-ìpín fún àwọn òǹkàwé: ìlú tí wọ́n dé, ẹni tí ó gbà wọ́n lálejò, bí ọ̀nà ti rí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn olóòtú wọ̀nyẹn a máa dárúkọ olóore wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ti òde òní jẹ́ pé ojú ẹni tí ó gbé fóònù dání ni ó ń gba iwájú. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ti gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà ni ọ̀nà ìròyìn orí fóònù yìí ti ń là díẹ̀díẹ̀.

Nísinsìnyí, ìwọ̀ oòrùn ni ojú ọ̀pọ̀ olùgbafẹ́ kọ sí, ní òdìkejì omi, níbi tí yanrìn tí ì bá dé Bar Beach ti kóra jọ sí: Tarkwa Bay, etíkun ilé iná tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, kí a tún wá lọ títí dé Ilashe, níbi tí àwọn olówó kọ́ ilé ìsinmi sí tí wọ́n ń fi í háyà fún ẹni tí ó bá fẹ́ sùn mọ́jú. Kì í ṣe pé ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Tarkwa Bay kúrò nílé wọn, lára wọn ni àwọn tí ń din ẹja fún àlejò àti àwọn ọmọ tí ó ti kọ́ bí a ti ń fi pátákó gun ìgbì. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ tí ó lọ sí Tarkwa Bay. Láti ẹ̀bá CMS tàbí láti Erékùṣù Victoria ni a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí ẹni tí ó bá ń lọ bá ọlọ́kọ̀ ná owó àlọ pẹ̀lú ti àbọ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, kí ó sì so ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì mọ́ àyà rẹ̀ dáadáa. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọkọ̀ ń tán lọ, ẹni tí ó bá sì ń ya àwòrán oòrùn ìrọ̀lẹ́ títí ọkọ̀ ìkẹyìn fi ṣí, kí ó lọ bẹ àwọn ará abúlé fún ẹní.